Bí Ìyà Ọ̀daràn Bá Fúyẹ́ Jù, Ta Ni Yóò Sọ Pé Kò Tẹ́ Òun Lọ́rùn?

Ẹ̀yin ará Ajegunle, láti Boundary títí dé Tolu, a kí yín o. Ẹ̀yin tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Mile 2 lọ sí Tin Can, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tó ti wà ní wáàfù láti ìdájí, tí ẹ ń retí kọ̀ǹténà, ẹ kú ìdúró, yóò jáde lágbára Ọlọ́run. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń pàtẹ ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malu Road, ẹ kú ọjà, àwọn oníbàárà á wá o. Ẹ sún mọ́ rédíò yín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ó kan olówó, ó kan mẹ̀kúnnù. Ó kan ẹni tí wọ́n jà lólè, ó sì kan ìyá ọmọ tí wọ́n mú pé ó jalè.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí adájọ́ bá rán ènìyàn lẹ́wọ̀n, tí onítọ̀hún sì rí i pé ìyà náà ti pọ̀ jù, kí ló máa ń ṣe? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lọ́yà rẹ̀ á ní ìdájọ́ yẹn kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n á sì gba Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ìyà náà bá fúyẹ́ jù ńkọ́? Bí ẹni tó kó owó rẹpẹtẹ jẹ bá san owó táṣẹ́rẹ́, tó sì gba ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù lọ sílé? Bí ẹni tó ba ayé ọmọdé jẹ́ bá gba oṣù díẹ̀ péré? Ta ni yóò sọ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn? Èsì mi rèé, òun náà ni mo sì máa tún sọ títí a ó fi parí ètò yìí. Agbẹjọ́rò ìjọba ló yẹ kó sọ ọ́, nítorí ìjọba ló ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn lórúkọ gbogbo wa. Kó tètè sọ ọ́. Ilé ẹjọ́ òkè ló sì yẹ kó gbé e yẹ̀wò, kó fi òfin wò ó, kó má fi ariwo wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹjọ́ kan tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kíní ọdún 2013, ọkùnrin kan dúró níwájú Adájọ́ Abubakar Talba ní Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà ní Gudu, l'Ábújá. John Yakubu Yusufu lorúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣàn àwọn ọlọ́pàá. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta. Owó tí wọ́n sọ pé òun àti àwọn mìíràn kó jẹ lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, kó sì ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n, kó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 750 náírà. Ó san án lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ ro ó. Ẹ ro ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, tó di fáìlì rọ́bà mú nínú oòrùn, tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ àti fọ́tò pélébé rẹ̀ wà nínú ẹ̀, tó tò sórí ìlà kí wọ́n lè rí i pé ó ṣì wà láàyè. Owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Owó opó ni wọ́n ń sọ. Kò sí ìlú tí irú ìdájọ́ yẹn kò ní mú kí àwọn ènìyàn pariwo, ariwo sì ta lóòótọ́ láti Ábújá dé Èkó.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti adájọ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó pàṣẹ pé kí ìjọba gba ilé 32 lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, pẹ̀lú owó tó lé ní mílíọ̀nù 300 náírà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lẹ́ẹ̀kejì, òfin tí wọ́n fi pe ẹjọ́ náà, òfin àtijọ́ ni. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fi àrékérekè sọ ohun olóhun di tirẹ̀ yóò lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní ju ọdún méjì lọ, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí kó gba méjèèjì. Nítorí náà adájọ́ kò fo ògiri òfin. Inú ọgbà òfin ló wà. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún un láti yàn ló lò. Òfin kò lè ka gbogbo ìwà ẹ̀dá tán, ó sì yẹ kí adájọ́ ní àyè láti wo ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, kó wo ọjọ́ orí rẹ̀, kó wo ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é. Bí ẹ bá gba àyè yẹn lọ́wọ́ adájọ́, ẹ ó rí i pé ọmọ mẹ̀kúnnù ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí òfin fi sílẹ̀, ìlú ló ni ín. A fi síkàáwọ́ adájọ́ ni. Ohun tí a bá fi síkàáwọ́ ẹni, a máa ń bi í bó ṣe lò ó. Ibi tí a ti ń béèrè rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ òkè.

Àjọ EFCC, tó pe ẹjọ́ náà lórúkọ ìjọba, béèrè rẹ̀. Wọ́n ní kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n gba kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn l'Ábújá yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà. Wọ́n tún ní kó san bílíọ̀nù 22.9 náírà lé e. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi fìdí lé. Báwo ni ọdún mẹ́fà ṣe jẹ yọ? Ṣé àwọn adájọ́ òkè ṣe òfin tuntun ni? Rárá o. Ọdún méjì yẹn náà ni lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú àǹfààní fífi owó ra ẹ̀wọ̀n kúrò, wọ́n sì ní kí ọdún méjì-méjì náà tẹ̀ léra wọn, kí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èkejì bá parí. Ìwé òfin kan náà, ẹ̀sùn kan náà, ọkùnrin kan náà. Ọwọ́ tó di òfin mú ló yàtọ̀. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọwọ́ adájọ́ ni òfin dì, ẹ fara balẹ̀. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, àyè wà níbẹ̀, adájọ́ ni kò lò ó.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyà tó fúyẹ́ jù là ń sọ. À ń sọ pé bí ìyà ọ̀daràn bá kéré jù, kì í ṣe ojú títì ló yẹ kí ẹjọ́ náà lọ, ilé ẹjọ́ òkè ni. Agbẹjọ́rò ìjọba ló sì yẹ kó gbé e lọ.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ pẹ́ńṣàn yẹn tí mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́, ìgbìmọ̀ NJC tó ń bá àwọn adájọ́ wí ní kí Adájọ́ Talba lọ rọ́kún nílé fún oṣù méjìlá láìgba owó oṣù. Wọ́n ní kò lo àyè tí òfin fún un bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọjọ́ mélòó ni ìbáwí yẹn fi kún ẹ̀wọ̀n ẹni tó kó owó jẹ? Kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún un. Bí a bá lé gbogbo adájọ́ ilẹ̀ yìí lọ sílé lónìí, ìdájọ́ tí wọ́n ti dá yóò ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ilé ẹjọ́ tó ju tiwọn lọ nìkan ló lè ṣí i nídìí. Mo sì tún rí ewu kan nínú ìbáwí. Adájọ́ tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá òun dúró bí ìyà bá kéré, kí ni yóò máa ṣe fún ọmọ tó kọ́kọ́ ṣẹ̀? Yóò máa ju ẹ̀wọ̀n sí i lórí ni, kí wọ́n má bàa bi òun. Ìbáwí wà fún adájọ́ tó gba rìbá, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ òfin lójú. Fún adájọ́ tó ṣi àyè lò, kòtẹ́milọ́rùn ni oògùn rẹ̀. Èyí ni èrò tèmi, mo sì dúró tì í.

Kí wá ni àwọn adájọ́ òkè máa ń wò? Ẹ má rò pé wọ́n kàn jókòó, wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni, ọdún mẹ́wàá ni ǹ bá fún un." Òfin kò fàyè gba ìyẹn. Adájọ́ ìsàlẹ̀ ló rí olùjẹ́jọ́ lójúkojú. Òun ló gbọ́ ẹ̀rí, tó rí ẹni tó ń gbọ̀n àti ẹni tí kò gbọ̀n. Nítorí náà ilé ẹjọ́ òkè kì í sáré yí ìyà padà. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé: ṣé ìyà yìí kéré, tàbí ó pọ̀, débi pé ojú lásán rí i pé nǹkan wọ́? Ṣé adájọ́ gbàgbé ohun tó yẹ kó rò ni? Ṣé ó ro ohun tí kò yẹ kó rò? Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á fi ìdájọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, bí inú wọn kò tiẹ̀ dùn sí i. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Peckham àti Woolwich, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin kan lọ́dún 1988, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ìjìyà tó rọ̀ jù lọ sí ilé ẹjọ́ òkè fún irú àwọn ẹ̀sùn kan. Kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan ló lè ké sí i. Ẹnikẹ́ni nínú ìlú lè kọ̀wé sí i. Ọjọ́ 28 péré ni òfin 1988 yẹn fi sílẹ̀ fún un láti gbé e lọ. Lọ́dún 1989, nígbà tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, Lord Lane tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ wọn ṣàlàyé pé àánú kì í ṣe àléébù lára ìdájọ́, àti pé kí ilé ẹjọ́ òkè má fọwọ́ kan ìyà àfi bí àṣìṣe rẹ̀ bá hàn kedere. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ fún ìjọba, àwọn náà ló tún fi àgádágodo sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa já wọlé lójoojúmọ́.

Níhìn-ín ńkọ́? Nàìjíríà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí Ilé Ẹjọ́ Gíga bá dá ẹjọ́ ọ̀daràn, 90 ọjọ́ ni òfin fi sílẹ̀ láti gba Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ilé ẹjọ́ yẹn sì lágbára láti dín ìyà kù, ó lágbára láti fi kún un. Ṣùgbọ́n ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, ó sì wà lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn àjọ tó ń pe ẹjọ́ lórúkọ rẹ̀. Kò sí lọ́wọ́ ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá oníṣòwò tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Boundary. Lójú òfin, ẹlẹ́rìí lásán ni wọ́n. Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá sùn, wọn kò lè jí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Olùjẹ́jọ́ kì í gbàgbé láti pe ẹjọ́ tirẹ̀ padà, nítorí ara rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀wọ̀n. Ìjọba lè gbàgbé. Agbẹjọ́rò lè ní fáìlì tó kún tábìlì, kó kàn sọ pé ó kéré tán a ti rí ìdálẹ́bi gbà, kó sì gbé fáìlì mìíràn. Bí ọjọ́ 90 bá ti kọjá báyìí, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń sọ pé, "Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan kì í gba ìyà méjì. Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ tún un dá lẹ́ẹ̀kejì ni?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ó tọ́ kí a dá a lóhùn. Ìwé òfin àgbà ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ti dá lẹ́bi tàbí dá láre, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún gbé e lọ jẹ́jọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní àyàfi bí ilé ẹjọ́ tó ga ju ti ìṣáájú lọ bá pàṣẹ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà náà ti sọ ọ́ lọ́dún 1980 pé bí ìjọba bá ní kí ilé ẹjọ́ òkè fi kún ìyà ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ méjì. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni, kò tíì tán ni. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ agboolé bá baálé, kò tán níbẹ̀, ó lọ bá ìjòyè àdúgbò, ó lè dé ààfin. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà lè ní òun kò gbà.

Àwọn kan sì ń bẹ̀rù ohun mìíràn, ìbẹ̀rù wọn sì ká mi lára jù. Wọ́n ní, "Bí ẹ bá fún ìjọba ní agbára yìí, ṣé àwọn ọmọ Ajegunle kọ́ ni wọ́n máa fi ṣẹ́ níṣẹ̀ẹ́?" Wọ́n ní ọmọ tó jí fóònù ni ìjọba yóò máa lé kiri, wọ́n á fi olówó sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tó bá mọ Kirikiri mọ̀ pé àwọn tí kò tíì gba ìdájọ́ rárá ló pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ yìí. Ọmọ tó jí fóònù lè ti lo ọdún kan kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn rẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ó dáadáa. Ìlànà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yẹn gan-an ló ń dáàbò bò. Bí adájọ́ bá wò ó pé ọmọ yìí kò ju ogún ọdún lọ, pé ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ nìyí, pé ó ti dá fóònù padà, tó sì ní kó lọ gbálẹ̀ àdúgbò dípò ẹ̀wọ̀n, nítorí òfin Èkó fàyè gba irú iṣẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó wọ́ níbẹ̀. Bí agbẹjọ́rò bá gbé ìyẹn lọ sókè, ó yẹ kí wọ́n dá a padà fún un. Bí adájọ́ mìíràn bá sì rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún méje, ilé ẹjọ́ òkè yẹn kan náà ni yóò dín in kù. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn ìyà tó pọ̀ jù àti ìyà tó kéré jù. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí wọ́n gbé olówó náà sórí ìwọ̀n yẹn.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fetí sílẹ̀. À ń sọ pé bí ìyà bá fúyẹ́ jù, kí agbẹjọ́rò ìjọba tètè gba ilé ẹjọ́ òkè lọ, kí ilé ẹjọ́ òkè sì fi òfin wò ó. Mo ní kó tètè. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù nìyẹn.

Láti oṣù Kíní ọdún 2013 títí di oṣù Kẹta ọdún 2018, ọdún márùn-ún lé oṣù bíi méjì ni. Ìgbà tí ìjọba ń retí kí wọ́n tún ìyà kan ṣe nìyẹn. Mélòó nínú àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì ló ti kú kí ọjọ́ yẹn tó dé? Ẹ má sì rò pé ìjọba tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan ni ìfàsẹ́yìn ń pa lára. Ẹ̀yin ará Apapa, ẹ ó rántí ẹjọ́ Olóyè Bọ̀dé George, ẹni tó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń darí NPA, ilé iṣẹ́ tó ni èbúté tí ẹ ń rí lójoojúmọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà dá òun àti àwọn mìíràn lẹ́bi lórí bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ kọngilá, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 30. Ó gba kòtẹ́milọ́rùn lọ, kò ṣàṣeyọrí níbẹ̀. Ó tún gba Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, wọ́n dá a láre níbẹ̀, wọ́n pa ìdálẹ́bi náà rẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ló ti parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, tó sì ti jáde. Ẹ gbọ́ mi. Wọ́n dá a láre lẹ́yìn tó ti jìyà tán. Ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ pẹ́ńṣàn, ọ̀tọ̀ ni ti èbúté, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà, ọ̀nà náà sì pẹ́ jù fún àwọn méjèèjì. Ilé ẹjọ́ òkè tó bá ń lo ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, kò lè tún ìyà tó kéré jù ṣe dáadáa, kò sì lè gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìgbàlà ṣì wúlò fún un. Ẹjọ́ lórí ìyà nìkan kì í sì í gba wàhálà púpọ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí tuntun. Ẹ̀bi kì í ṣe ohun tí à ń jà lé lórí. Ìwé ni wọ́n ń kà. Èmi kò rí ìdí tí a kò fi lè ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí a gbọ́ ọ, kí a sì dá a láàárín oṣù díẹ̀.

Ibì kan wà tí ìjọba ti máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni ìgbà tí agbẹjọ́rò ìjọba àti lọ́yà olùjẹ́jọ́ bá ti jọ fẹnu kò kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, níbí ní Èkó, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀, Cecilia Ibru, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà báńkì Oceanic, gbà pé òun jẹ̀bi lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Dúkìá àti owó tó tó bílíọ̀nù 191 náírà ló dá padà. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìyà yẹn ti kéré jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Owó tó padà wá náà kì í ṣe owó kékeré, mi ò sì fẹ́ fojú tín-ín-rín in. Ṣùgbọ́n báwo ni ìjọba ṣe máa gba kòtẹ́milọ́rùn lọ lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí? Kò lè ṣeé ṣe. Nítorí náà, ní irú ẹjọ́ yẹn, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ni ojú wa gbọ́dọ̀ ti là. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 ti rí i. Ó ní kí agbẹjọ́rò fi ọ̀rọ̀ lọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kó tó ṣe àdéhùn. Ó tún ní bí adájọ́ bá rí i pé ìyà tó tọ́ ju èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí lọ, kó sọ fún olùjẹ́jọ́, kí olùjẹ́jọ́ yàn bóyá yóò dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí yóò fà sẹ́yìn. Òfin tó dára ni. Kí wọ́n máa lò ó.

Kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ńlá wá bá ẹ̀yin tó ń wá oúnjẹ òòjọ́? Ìdí rẹ̀ wà lójú pópó tiwa. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti gbà nínú ọkàn wọn pé kọ́ọ̀tù yóò fi olè sílẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á wá táyà. Wọ́n á wá pẹtiróòlù. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ọmọ yẹn ni tàbí òun kọ́. Ìyà yẹn kò sì ní kòtẹ́milọ́rùn. Ẹni tó bá kú ti kú. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé, "Bí a bá fà á fún ọlọ́pàá, wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ́la." Ọ̀rọ̀ yẹn burú, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló bí i. Ìdájọ́ bíi ti Gudu ló ń bọ́ ọ dàgbà. Bí ìlú bá rí i pé adájọ́ ṣe ìdájọ́ tó wọ́, tí agbẹjọ́rò ìjọba dìde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ilé ẹjọ́ òkè sì tún un ṣe kí ọdún tó yí, ẹni tó ń sáré lọ gbé táyà yóò ní ohun tó lè mú un dúró. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ni yóò dúró o. Ṣùgbọ́n a ó ní ohun tí a lè sọ fún wọn.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní Alausa, àti sí àwọn àjọ tó ń pe ẹjọ́ lórúkọ ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí fáìlì wọ inú káńbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ìdájọ́. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kan tí kò sí nínú ẹjọ́ náà ka ìyà náà wò, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó tọ́ kí a gbé e lọ sókè tàbí kò tọ́. Ẹ pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí ẹ sọ fún un ohun tí ẹ pinnu àti ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ pé ẹ kò ní gbé e lọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí àkókò tó kọjá, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni yóò ti pàdé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí ẹjọ́ ọ̀daràn bá kàn yín, bí wọ́n bá ṣe yín léṣe, tàbí tí wọ́n pa ẹni yín, ẹ má dúró sílé. Ẹ lọ jókòó nínú kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ ìdájọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ náà. Bí ìyà tí adájọ́ fún un kò bá yé yín, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì DPP, tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn fún ìjọba, ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Alausa, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín àti ohun tó kù tí adájọ́ kò rò. Ẹ má bú adájọ́ nínú ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ìwé kọ, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ yín ni wọ́n mú, tí ẹ kò ní owó lọ́yà, ọ́fíìsì OPD ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gba ẹjọ́ mẹ̀kúnnù rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ bá wọn. Fún ẹjọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga, ọjọ́ 90 ni òfin fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí adájọ́ bá ti ka ìdájọ́ ni wọ́n ti ń kà á. Ẹ má jẹ́ kó kọjá lórí yín.